Dráyà mi ti ń mú aṣọ gbẹ báyìí

Ẹ kú àdúrótì mi o. Èmi ni mo kọ ọ́ síbí pé dráyà wa l'Adó-Èkìtì ń gbóná, síbẹ̀ aṣọ ń jáde ní tútù lẹ́yìn wákàtí 2. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n wo páìpù tó ń gbé atẹ́gùn gbígbóná jáde, ẹ ṣeun gan-an ni.

Mo fa ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri. Páìpù ti ṣẹ́ kọ́rọ́, èérún òwú sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ó tutù rinrin bí òwú tí a rẹ sómi. Ẹ̀rù bà mí, torí èérún yẹn lè gbiná! Mo kó o dànù, mo na páìpù.

Lánàá, pẹ̀lú gbogbo òjò yẹn, táwẹ̀lì 4 gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 50. Mi ò ra hítà tuntun, ìyẹn ohun tó ń mú dráyà gbóná, mọ́.