Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé àmì GPS tó ta padà lè ka ọkọ̀ ní Adó-Èkìtì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ rédíò. Mo fẹ́ fi àmì GPS tó ń ta padà láti ilẹ̀ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ tó ní Fájuyì, láìlo kámẹ́rà. Ìgbì àmì GPS yẹn (1575.42 MHz) máa ń yí po sápá ọ̀tún bíi skúrúù bó ṣe ń bọ̀ látòkè; tó bá kọ lu irin ọkọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ á wá máa yí po sápá òsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá áńtẹ́nà tó ń gba ti òsì.

Ṣùgbọ́n títì fúnra rẹ̀ náà ń dá àmì padà, pàápàá lẹ́yìn òjò. Báwo ni mo ṣe lè ya ti ọkọ̀ sọ́tọ̀? Doppler (ìyípadà tí ìrìn ọkọ̀ ń mú bá ìgbì àmì) á ràn mí lọ́wọ́ bí ọkọ̀ bá ń sáré, àmọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ńkọ́, nígbà tí gbogbo wọn bá dúró? Ìgbà yẹn gan-an ni mo nílò rẹ̀ jù. Báwo ló sì ṣe yẹ kí òpó áńtẹ́nà ga tó? Ẹni tó bá ti dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.