Àwòrán Frida Kahlo tó fi ẹ̀gún ṣe ẹ̀gbà ọrùn: ṣé ìbànújẹ́ ni?

Adéọlá_Ọnà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwòrán ara rẹ̀ tí Frida Kahlo, ayàwòrán obìnrin ará Mẹ́síkò, yà ní 1940 ni mo fẹ́ túmọ̀. Ẹ̀gún gún un lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ń kán, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ò yí padà. Ṣé ìbànújẹ́ ni ká pè é? Ológbò dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́, ṣé àjẹ́ ni?

Ayàwòrán_Òṣogbo: Ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ ológbò. Ẹ fi bébà bo gbogbo rẹ̀, kó ku ojú nìkan. Ó kọjú sí wa tààrà, ó panu dé, kò sí omijé. Ẹ wá ṣí ọrùn: ẹ̀jẹ̀ rèé. Ibi tí ojú àti ọrùn ò ti bára mu yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ bá kọ "ìbànújẹ́" nìkan, ẹ ti fojú fo ojú rẹ̀; ẹ bá kọ "ìgboyà" nìkan, ẹ ti gbàgbé ẹ̀jẹ̀. Èmi á kọ "ìfaradà". Ẹ tún wo bí ewé ńlá ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa: kò ríbi sún sẹ́yìn sí.

Ìyá_Àkéwì: Ní ti àmì, Mẹ́síkò ni kẹ́ ẹ ti wá ìtumọ̀, kì í ṣe ilé wa. Ẹyẹ dúdú tó so rọ̀ sí ẹ̀gún yẹn, hummingbird ni, ẹyẹ kékeré kan. Wọ́n máa ń fi òkú rẹ̀ tó ti gbẹ ṣe oògùn ìfẹ́ níbẹ̀. Ìgbéyàwó Frida àti Diego Rivera, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, sì tú ká ní 1939, ẹ ò rí i pé oògùn ọ̀hún ò jẹ́ mọ́! Ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀ tó nà: bákan náà ló rí pẹ̀lú irun òkè ojú Frida méjèèjì tó pàdé. Àwọn Aztec, ìyẹn àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́, sì so ẹyẹ yìí mọ́ Huitzilopochtli, òrìṣà ogun wọn, nítorí náà kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ló ń sọ. Ẹ̀gún rán ará Mẹ́síkò létí adé ẹ̀gún Jésù. Ológbò ń lúgọ lẹ́yìn èjìká, ẹyẹ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ewu ló dúró fún. Kò sóhun tó tọ́ka sí àjẹ́ nínú àwòrán náà.

Ayàwòrán_Òṣogbo: Òótọ́ ni, Mà. Ọ̀bọ tó wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀ kejì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan ní Rivera ló dúró fún, ṣùgbọ́n Frida sin ọ̀bọ, ó sì fẹ́ràn wọn. Ọwọ́ ọ̀bọ náà wà lára ẹ̀gún. Bóyá eré ló ń ṣe, bóyá ó ń fà á kó gún un sí i, àwòrán ò sọ. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Àwòrán orí fóònù sì máa ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ á sì pòórá. Ẹ lo èyí tó mọ́lẹ̀ láti Harry Ransom Center, ibi ìkówèé àti iṣẹ́ ọnà pamọ́ ní Austin, Amẹ́ríkà, níbi tí ojúlówó rẹ̀ wà.