Omi onígò àti píọ̀ wọ́tà nílé: ẹ wá sọ bí ẹ ṣe dín in kù l'Ábẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, Asẹ́rò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mo ní ká sọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣíde. Àwa mẹ́fà là ń gbé ilé wa, ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ogún ọ̀rá ni. Lítà 10 péré ló wà nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, tí kálukú ń mu bíi lítà méjì lójúmọ́, àpò kan ò lè dé alẹ́. Ti omi onígò tí ọkọ mi ń gbé lọ síbi iṣẹ́ tún wà lọ́tọ̀. Owó omi nílé wa wá ń bá owó gaàsì du ipò.

Àmù ló tú wa sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ní ká wá àmù amọ̀ fún òun, nítorí omi fíríìjì kì í bá òun lára mu. Omi kànga wa mọ́ lójú, ṣùgbọ́n mi ò lè fọkàn tán ohun tí ojú ò rí, nítorí náà mo máa ń sè é. Bó bá ti hó yaya, màá jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú kan sí i lórí iná, màá dé e, ó di ọjọ́ kejì kó tó wọ inú àmù. Àwọn ọmọ tọ́ ọ wò, wọn ò tún béèrè ọ̀rá mọ́. Ohun tó tutù, tọ́wọ́ wọn sì tètè tó, ni wọ́n ti ń wá látọjọ́ yìí.

Ẹ gbé àmù síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ má sì kùn ún lọ́dà. Omi máa ń rin jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀. Bí atẹ́gùn ṣe ń gbẹ ẹ́ ni èyí tó wà nínú rẹ̀ ń tutù. Ọ̀dà á dí i pa.

Bọ̀dá Púlọ́mbà, Lafenwá

Ẹ kú làákàyè, Ìyá Ìbejì. Ìdí kànga ni tèmi wà. Orí àpáta nìlú wa yìí wà. Lọ́pọ̀ àdúgbò, ẹ ò ní gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kẹ́ ẹ tó kan òkúta, ọ̀pọ̀ onílé á sì dúró síbẹ̀. Kànga tí kò jìn báyìí, ìdọ̀tí orí ilẹ̀ tètè ń bá òjò wọ inú rẹ̀.

Bí wọ́n bá pè mí wá wo omi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni pé, "Sọ́kàwéè dà?" Kòtò tí ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́ ń ṣàn sí ni mò ń wí. Ó yẹ kó fi nǹkan bí mítà 30 jìnnà sí kànga. Lórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, níbo lẹ ti fẹ́ rí i? Ti aládùúgbò tún wà lẹ́yìn ògiri. Ilé kan tí mo ṣiṣẹ́ fún, omi wọn mọ́ gaara, wọ́n sì ń mu ún bẹ́ẹ̀. Mo gbà wọ́n nímọ̀ràn: ẹ fi sìmẹ́ǹtì gbé ẹnu kànga ga, ẹ fi ọmọrí irin dé e, ẹ má fi okùn àti dòrò yẹn sílẹ̀lẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa sè é. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́kàn lé álọ́ọ̀mù, mo bẹ̀ yín. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ ni, kì í pa kòkòrò àìsàn. Omi bọ́ọ̀hóòlù tó bá sì ń pọ́n bí ìpẹtà, sísè nìkan ò lè yanjú ìyẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ìdí-Abà

Ẹ wo ife náà o! Omi tẹ́ ẹ ti sè, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí eré dé ti ọwọ́ àti ife bọ̀ ọ́, ẹ ti dá ẹ̀gbin padà sí i. Báyìí ni ìgbẹ́ gbuuru ṣe ń wọlé, àrùn onígbáméjì náà sì lè bá ibẹ̀ wọlé. Ike ńlá onídèérí tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ ni mo lò nílé mi. Bó bá jẹ́ àmù, ẹ wá ìgbọnmi ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ fi kọ́ sókè, kí ẹnikẹ́ni má mu omi lẹ́nu rẹ̀.

Ẹni tí gaàsì ń ni lára, ẹ lo oòrùn. Ìgò oníke tí kò láwọ̀, tí kò ju lítà méjì lọ, ẹ bu omi tó mọ́ lójú sí i, ẹ dé e, ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù fún wákàtí mẹ́fà nínú oòrùn gangan. Bójú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ méjì. Omi tó rú ò gba èyí. Lásìkò òjò, èmi máa ń padà sórí iná.

Ọmọ Ìtòkú

Gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀rá omi ló kún inú rẹ̀. Bójò bá rọ̀, omi á wọlé bá aṣọ. Mo ti ń gbé omi láti ilé, inú fúláàsìkì, mo sì bẹ àwọn aládùúgbò mi kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbà.

Ìbéèrè mi: àlejò ńkọ́? Ìyàwó mi ní àbùkù ni kéèyàn gbé omi àmù fún ẹbí òun.

Ìyá Ìbejì, Asẹ́rò

Ọmọ Ìtòkú, ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ìyá ọkọ mi ló bá wa yanjú rẹ̀. Inú jọ́ọ̀gì gíláàsì ni mò ń bu omi sí, pẹ̀lú ife tó mọ́. Màmá á kọ́kọ́ bu díẹ̀ mu lójú àlejò, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, kí wọ́n tó gbé e lé e lọ́wọ́. Títí di báyìí, àlejò kankan ò tíì kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ṣì ń ra àpò kan sílẹ̀ nítorí ìrìn àjò Èkó. Sọ fún ìyàwó rẹ kó pè mí. Màá mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta àmù.