Èsì: "Ayọ́niwò" kọ́ ni ẹni tó ń wo ọmọ eléré

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti fẹ́ panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti ń múra láti kọ ọ́ sínú àkójọ-ọ̀rọ̀ eré ìdárayá wa, oorun kò kùn mí mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn ló túmọ̀ ìtàn ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín kan, Arizona Coyotes, fún wa. Iṣẹ́ ńlá ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí òyìnbó ń pè ní scout, ẹni tí ẹgbẹ́ máa ń rán lọ wo àwọn ọ̀dọ́ eléré kí wọ́n tó gbà wọ́n, ẹ̀gbọ́n pè é ní "ayọ́niwò". Wọ́n ní bí ayọ́lẹ̀wò bá lè wà nínú èdè, kò sí ìdí tí ayọ́niwò kò fi ní í wà. Nídìí yọ́ yẹn ni mo takú sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rántí ìtàn náà, nítorí àwọn kan ti dá sí i láìkà á tán. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ inú NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà, máa ń tò tẹ̀léra ní ìpele-ìpele, kí kálukú mú ọ̀dọ́ tirẹ̀ nínú àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 18. Ṣáájú ọjọ́ náà, àjọ NHL máa ń kó àwọn tó ta yọ jù jọ sí ìlú Buffalo fún àyẹ̀wò ara. Wọ́n á wa kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan títí èémí á fi fẹ́ẹ̀ tán nínú wọn, wọ́n á dì mọ́ irin fa ara wọn sókè, wọ́n á fò lójú kan, wọ́n á sì fọwọ́ fún irin kí á lè mọ bí ìka ṣe lágbára tó. Gbogbo ẹgbẹ́ ló máa rí èsì rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹgbẹ́ kan dá pe ọmọ sí kọ̀rọ̀, kí ó dán agbára rẹ̀ wò kí ọjọ́ àyẹ̀wò gbangba tó pé.

Ohun tí Arizona ṣe gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Gary Bettman, ọ̀gá àgbà NHL, gba ààyè tí wọ́n ì bá fi mú ọmọ ní ìpele kejì lọ́dún 2020 lọ́wọ́ wọn, ó sì gba ti ìpele kìn-ín-ní ọdún 2021 mọ́ ọn. Owó ìtanràn tó wà nílẹ̀ fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò dín ní dọ́là 250,000 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò gba owó. Lójú tèmi, ó ṣe é re. Olówó á san owó, á tún padà ṣe é. Ẹni tí o bá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Nígbà tí ọdún 2021 dé, tí ó kan ipò kọkànlá, tí ó yẹ kí Arizona dìde, wọ́n fo ibẹ̀ ni. Ipò náà ṣófo nínú ìwé títí dòní.

Nísinsìnyí, ẹ wo ẹ̀ṣẹ̀ yẹn dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá wà. Kò sẹ́ni tó ní kí Arizona má wo ọmọ. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wò wọ́n, láti Saskatchewan ní Kánádà dé Swídìnì. Dídánwò ni òfin kà léèwọ̀, kì í ṣe wíwò. Èdè wa sì ti pààlà síbẹ̀ kí họ́kì tó dáyé. À ń wo nǹkan, à ń yẹ̀ ẹ́ wò, à ń tọ́ ọ wò, à ń bẹ̀ ẹ́ wò, à ń dán an wò, à ń yọ́ ọ wò. Wò kan náà ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú ló ń sọ bí ojú ṣe rìn, àti bóyá ojú náà mọ́. Bí a bá wá so yọ́ mọ́ gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ rán níṣẹ́, orúkọ wo ló kù tí a máa pe ẹni tó yọ́ ọ ṣe lóòótọ́? A ti fi orúkọ olè jọ oníbàárà, ilẹ̀ sì ti mọ́ bá olè.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ń ta àgbàdo tútù lójà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. O lè gbé àgbàdo náà wò, o lè tẹ̀ ẹ́ láti òkè èèpo, o lè wo irun orí rẹ̀ bóyá ó ti dúdú, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ bó o. Òun fúnra rẹ̀ á bó ẹyọ kan, á gbé e lé orí igbá níwájú, kí gbogbo ọjà rí ọmọ inú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá dúró títí ìyá àgbà fi yíjú sẹ́yìn, tó sì ká èèpo òmíràn, kò ní í pè é ní oníbàárà mọ́. "Ìwọ tó ń yọ́ nǹkan wò yìí" ló máa fi kí i, tòun ti bí ó ti wù kí onítọ̀hún lówó tó. Gbogbo ẹni tó dúró nídìí igbá ló ń wò. Ẹyọ ẹnì kan ló ń yọ́ wò. Mo kọ́ ìyàtọ̀ yìí kí n tó mọ ìwé kà, mo sì fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá láìgbọ́ kí àgbà kankan da méjèèjì pọ̀.

Buffalo ni àgbàdo tí a bó síwájú gbogbo ayé. Ẹ sì jẹ́ rántí pé lọ́dún 2020 náà, àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí àyẹ̀wò gbangba yẹn wáyé. Ẹni tó bá ti dá bó àgbàdo tirẹ̀ wò ṣáájú, òun nìkan ni ì bá mọ ohun tó wà nínú èèpo.

Ẹ̀gbọ́n ní yọ́ inú ayọ́niwò kì í ṣe yọ́ ti ológbò, pé yọ inú yọjú ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ohùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohùn àárín ni ti yọjú, ohùn òkè ni ti yọ́. Bí aládùúgbò mi bá yọjú sí mi láàárọ̀, inú mi á dùn. Bí ó bá yọ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo máa béèrè ohun tó ń wá. Ẹ sì tún ro ibi tí eré náà ti ń wáyé. Orí yìnyín ni. Yìnyín ń yọ́ bí oòrùn bá là, ó sì ń yọ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ "ayọ́" níbi tí a ti ń sọ ti yìnyín, ẹni tó ń yọ́ yìnyín ló máa rò.

Arábìnrin wa ní London ní kí a lo amí. Amí burú ju yọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn ni. Josefu pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní amí ní Íjíbítì, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé olóòótọ́ ni àwọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wọ pápá ìṣeré pẹ̀lú káàdì lọ́rùn, tí àwọn olùkọ́ eré mọ orúkọ rẹ̀, á ṣe máa wẹ ara rẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́?

Awòye ni mo fara mọ́. A, wo, òye, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òye ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe ojú lásán. Lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ Detroit mú Pavel Datsyuk, tó padà di ìràwọ̀ ńlá, ní ipò 171. Håkan Andersson, awòye wọn ní Yúróòpù, ló rí i. Ọmọ mìíràn ló torí rẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ọmọ kékeré yìí tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ẹni tó dá mi lóhùn lánàá ní àṣírí ni Detroit fi ìyẹn ṣe, nítorí náà yọ́ ni. Rárá o. Ohun tó rí ni ó fi sínú, kò fi ara rẹ̀ pamọ́ nígbà tó ń wò ó. Ìjókòó rẹ̀ wà ní gbangba, ẹgbẹ́ yòówù ló lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ jókòó síbẹ̀. Pípa ìmọ̀ mọ́ra yàtọ̀ sí yíyọ́ ṣe nǹkan, ẹ jọ̀wọ́. Bákan náà ni John Chayka, tó jẹ́ alákòóso Arizona kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2020. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tí wọ́n fi í síbẹ̀ lọ́dún 2016, kò sì sí alákòóso tó kéré tó o rí nínú NHL. Ìṣirò ló gbé e dé ibẹ̀, kíka ohun tí eléré ń ṣe nínú fídíò. Ìyẹn náà kì í ṣe yọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mi ò lè fò ni "ọjọ́ ìyàn" tí àbúrò wa ní Calgary fi pe draft, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ń tò mú ọ̀dọ́. Àbúrò, ìyàn tó mú nílẹ̀ Kénáánì ni ẹ kọ yẹn, ìyàn àìróúnjẹ jẹ! Mo mọ̀ pé ẹ máa nawọ́ sí ìyànsípò. Ìyànsípò ní ìrù tó ń dáàbò bò ó. Ẹ gé ìrù yẹn, ebi dé. Ẹ jẹ́ kí á fún tiyín náà ní ìrù: ìyànsẹ́gbẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ, àṣàyàn ti wà nílẹ̀ látayébáyé. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ.

Nípa ìyànjẹ tí wọ́n fẹ́ kí a fi pe àǹfààní èrú tí ẹgbẹ́ ń wá, nítorí pé yàn wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dára fúnra rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló fi dá wa lójú pé yàn tí a fi ń yan olórí ni yàn tó wà nínú "ó yàn mí jẹ"? Ọ̀jọ̀gbọ́n kan sọ fún wa ní kíláàsì nígbà náà pé ìbejì kọ́ ni wọ́n, ohùn ló jọ. Ẹ̀gbọ́n ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. A kò ní í parí èyí lónìí.

Mo ń bẹ ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó fi àkójọ náà ránṣẹ́, kí wọ́n yọ yọ́ kúrò.

Ó ku bí a ṣe ń kọ orúkọ Igińlá. Ọdún 1995 ni ẹgbẹ́ Dallas mú Jarome Iginla, eléré họ́kì ọmọ Kánádà, ní ipò kọkànlá. Yorùbá láti Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Adékúnlé sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Góòlù méjì ló jẹ nígbà tí Kánádà na Amẹ́ríkà 5 sí 2 nínú àṣekágbá họ́kì Òlíńpíìkì ní Salt Lake City lọ́dún 2002. Lọ́dún 2024, wọ́n kó àwọn eléré Arizona lọ sí Salt Lake City ní Utah, ìlú góòlù yẹn kan náà. Ọmọ tí ẹgbẹ́ tuntun náà sì kọ́kọ́ mú láyé rẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ní ipò kẹfà, ni Tij, ọmọ Jarome. Àbúrò kọ ọ́ ní "Ìgínlá". Igi ńlá ni, àbúrò. Igi jẹ́ ohùn àárín méjì, ńlá jẹ́ ohùn òkè méjì, mi ò rí ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti wọlé. Ẹ ní bí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ní Kánádà ṣe ń pè é ni ẹ gbọ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀rí láti ẹnu àgbà kan tó ń jẹ́ orúkọ náà nílé, ẹ fi ránṣẹ́, mo máa kà á.