Wáìnì tí àjàrà rẹ̀ wá láti agbègbè púpọ̀: ibo ni kí n kọ ọ́ sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ṣọ́ọ̀bù wáìnì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní London, èmi ni mo sì ń kọ orúkọ ọjà sínú kọ̀ǹpútà.

Penfolds Grange, wáìnì kan láti Australia, ló wà níwájú mi báyìí. Agbègbè kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà gbà, ṣùgbọ́n "South Australia" ló wà lára ìgò, ìyẹn odindi ìpínlẹ̀, torí pé wọ́n máa ń po àjàrà agbègbè bíi mélòó kan pọ̀. Ẹni tó ṣáájú mi kọ "Barossa" sí i, ìyẹn agbègbè kan ṣoṣo nínú ìpínlẹ̀ náà. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Oníbàárà á fi owó gidi ra ohun tí a kò pè bó ṣe jẹ́.

Ní Australia, bí ìdá 85 nínú 100 bá ti agbègbè kan wá, wọ́n lè kọ orúkọ ibẹ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n kọ, èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣáájú. Ìyẹn ò le. "South Eastern Australia" ló ń dà mí láàmú: Victoria, New South Wales àti Tasmania lódindi, pẹ̀lú apá kan Queensland àti South Australia! "Vin de France" tó máa ń wà lára ìgò wáìnì ilẹ̀ Faransé náà ń bẹ, tí kì í dárúkọ agbègbè kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n da ohun tó wà lára ìgò kọ bó ṣe wà, kí n wá to àwọn agbègbè sínú àlàyé? Àbí kí n fi àyè agbègbè sílẹ̀ lófìfo? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é, tí ẹni tó ń wá wáìnì Barossa á fi rí ohun tó ń wá?