Ẹja wo ló lè bá neon tetra gbé nínú dígí tí ewé wà?

Ọmọ Ọ̀ffà, Glasgow:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹja ọ̀ṣọ́ ni mo gbé wá. Mo ní àpótí dígí kan tó ń gba omi lítà 120. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti gbin ewé sínú ẹ̀, ewé ọ̀hún sì ti kún dáadáa. Neon tetra mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, ń bẹ̀ mí pé kí n fi ẹja tuntun kún un. Angelfish méjì àti goldfish kan ló wù ú ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń tà á sì ní kò séwu. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú yín?

Ẹ̀gbọ́n Tankẹ, Ìlọrin:
Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ọmọ. Má ra angelfish yẹn o.

Nígbà tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí wọ́n sọ fún ìwọ náà ni wọ́n sọ fún mi. Neon méjìlá ni mo ní. Mo ra angelfish méjì, wọn ò tóbi ju owó kọ́ìnì lọ. Fún oṣù mélòó kan, wọ́n jọ ń lúwẹ̀ẹ́ láìjà. Àfi bí neon ṣe di mọ́kànlá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò pẹ́, wọ́n di mẹ́sàn-án. Mo tú abẹ́ gbogbo ewé, mo gbé òkúta kọ̀ọ̀kan, mi ò rí òkú ẹja. Lọ́jọ́ kan tí mo jí kírun àsùbá, mo tan iná, mo wá rí ìrù pupa tíńtín tó yọ lẹ́nu angelfish tó tóbi jù. Ó dùn mí débi pé mi ò ra ẹja fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìyẹn.

Ọmọdé ni èyí tí wọ́n ń tà. Tó bá dàgbà, gígùn rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 15, neon ò sì ju bíi 3 tàbí 4 lọ. Ẹja tó bá ti gba ẹnu rẹ̀, oúnjẹ ni. Nítorí náà, kó o tó ra ẹja kankan, bi wọ́n léèrè bó ṣe máa tóbi tó. Goldfish ní tirẹ̀, omi tútù ló fẹ́. Neon ń fẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 22 sí 25 lórí tẹmómítà. Goldfish yóò tún hú ewé rẹ, yóò sì jẹ ẹ́.

Àárín omi ni neon ń gbé, ìsàlẹ̀ ló ṣófo. Gba corydoras mẹ́fà, ẹja kékeré tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi ni, kì í fẹ́ràn kó dá nìkan wà. Ó ní irùngbọ̀n bíi ti àrọ̀, ìyẹn ló fi ń wá oúnjẹ nílẹ̀. Iyanrìn kíkúnná ni kó o tẹ́ fún un, torí òkúta ṣóńṣó máa ń jẹ irùngbọ̀n yẹn tán.

Omi Glasgow tún rọ̀, ìyẹn ni pé èròjà òkúta inú rẹ̀ kéré, adágún Loch Katrine ló ti ń wá. Neon àti corydoras fẹ́ràn rẹ̀. Omi Lọ́ńdọ̀nù le, o mọ bí nǹkan funfun ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ kẹ́tùlù wọn. Ẹja guppy ló bá ìyẹn mu.

Ọmọ Ọ̀ffà, Glasgow:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ pé ẹja kan wà tó wá láti ilẹ̀ wa, kribensis. Ó wù mí kí ọmọ mi rí ẹja ilé.

Ẹ̀gbọ́n Tankẹ, Ìlọrin:
Òótọ́ ni, odò gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti wá. Òun gan-an ni mo ń sìn níhìn-ín, torí omi mi gbóná jù fún neon nígbà ooru oṣù kẹta. Tí obìnrin rẹ̀ bá fẹ́ yé, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí osùn. Èèpo àgbọn ni mo dà dé fún wọn, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Àmọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n bá bímọ, takọtabo wọn ló ń lé gbogbo ohun tó bá rìn nílẹ̀. Nínú lítà 120, corydoras ò ní rí ibi sá sí. Mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Tí iná bá lọ níhìn-ín, fíltà á dákẹ́. Ife ni mo fi ń bu omi, màá gbé e sókè, màá dà á padà kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú ẹ̀. Ìwọ ò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Òmù-Àrán, Hamburg:
Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ ewé ni tèmi. Òṣíbàtà tí a mọ̀ nílé, wọ́n ń tà á fún dígí ẹja, neon sì máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé rẹ̀. Ojú oró náà dára, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ tà á mọ́ lọ́dọ̀ wa ní Jámánì láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, torí ó ń bo odò wọn. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ má da ewé dígí sínú odò.

Ọmọ Ọ̀ffà, Glasgow:
Ẹ ṣé, mà. Ọmọ mi ti gbà, corydoras la máa rà. Báwo ni mo ṣe máa kó wọn sínú ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Tankẹ, Ìlọrin:
Kọ́kọ́ fi wọ́n sínú dígí kékeré lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú fíltà àti hítà tirẹ̀. Tí àmì funfun bí hóró iyọ̀ bá yọ lára wọn, àìsàn ni, kò sì ní kan neon rẹ. Omi tó o bá fẹ́ lò, fi oògùn tó ń pa kílórínì sí i. Lọ́jọ́ tó o bá rà wọ́n, jẹ́ kí ọ̀rá tí wọ́n fi kó wọn léfòó lórí omi dígí kékeré yẹn fún bí ìṣẹ́jú 20, máa bu omi rẹ sí i díẹ̀díẹ̀, kó o wá fi àwọ̀n kó ẹja nìkan. Má da omi ṣọ́ọ̀bù sí i.

Oúnjẹ tó ń rì ni kó o fún wọn, lẹ́yìn tó o bá paná, kí neon má bàa jẹ ẹ́ tán kó tó délẹ̀.