Ẹ wá sọ ìrírí yín: ilé-ìwé ìjọba ní àwọn ISD (independent school district, agbègbè ilé-ìwé tó dá dúró) kéékèèké (a ń wo Stafford)

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Houston. Àdéhùn ilé tí a háyà ń parí lọ, a sì ń wo Stafford. Mo gbọ́ pé ètò ilé-ìwé wọn kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fort Bend àti Alief. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti lọ sí irú ibi kékeré bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe rí? Mo ti ka lẹ́tà A, B, C tí ìjọba fi ń sọ bí ilé-ìwé ṣe ń ṣe dáadáa sí, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́. Àbúrò Àdùkẹ́ ń wọ kindergarten lọ́dún yìí.

Bàbá Jọláadé: Stafford kì í tiẹ̀ ṣe ISD, MSD (municipal school district) ni. Ìlú ló ni ín, òun nìkan ló sì rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Texas. Ọdún 1977 ni àwọn ará ìlú dìbò pé àwọn ò ṣe Fort Bend mọ́, ni ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n fà á wọ àwọn ọdún 1980 kí wọ́n tó dá dúró. Ojú kan náà ni wọ́n kọ́ àwọn ilé-ìwé wọn sí, láti orí àwọn wẹ́ẹ́rẹ́ títí dé high school. Bí ọmọ yín bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ó gbádùn rẹ̀ láàárọ̀.

Àṣàkẹ́ Katy: Láàárọ̀ ńkọ́! Ìgbà tí wọ́n bá ń jáde ni kí ẹ sọ fún un. Gbogbo ọkọ̀ ìlú lójú kan.

Bàbá Jọláadé: Ẹ tètè dé, ẹ gbé ìwé tí ẹ ó máa kà dání 😄

Ìyá Ìbejì: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ fi lẹ́tà A sílẹ̀ ná. Ìwé èdè ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Nígbà tí mo lọ forúkọ àwọn ìbejì mi sílẹ̀, mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tó ń bèèrè èdè tí a ń sọ nílé. Mo kọ Yorùbá, torí Yorùbá la ń sọ. Àfi bí wọ́n ṣe pè mí pé wọ́n ti dán àwọn ọmọ wò, wọ́n sì ti fi ọ̀kan sí ESL, ètò àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tíì dán mọ́rán. Ọ̀kan o! Àwọn tó jọ ń sùn ní yàrá kan, tí wọ́n jọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kẹ́hìndé kò mọ ìtìjú, ó dá obìnrin tó ń dán wọn wò lóhùn. Táíwò kì í bá àlejò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò ó ni. Wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ìdí tí èmi fi kọ English nìyẹn. Kò sí wàhálà.

Alhaja Mulikat: Ọmọ Ìsẹ́yìn, ẹ ti sẹ́ èdè yín nìyẹn. Tó bá yá, ẹ ó máa sunkún pé ọmọ ò lè kí ìyá àgbà lórí fóònù.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Alhaja, ẹ má bínú sí mi, ma. Ẹ wá sílé wa wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Fọ́ọ̀mù ìjọba ni mo kọ English sí, mi ò kọ ọ́ sẹ́nu ọmọ.

Alhaja Mulikat: Irọ́ ṣì ni.

Débọ̀: Owó ni wọ́n ń wá. Orí ọmọ ESL kọ̀ọ̀kan ni ìjọba ń san owó lé.

Tíṣà Fúnkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ tí mo ń ṣe rèé. Débọ̀, owó ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìpìlẹ̀ tó wà fún ọmọ kan ni, iye yẹn ò ní sọ ẹnikẹ́ni dolówó. Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹnu nìkan la fi ń dán ọmọ kindergarten wò, ọmọ tó bá dákẹ́ kò ní rí máàkì gbà. Òbí lè sọ pé òun ò fẹ́ ESL, wọn á gbà, àmọ́ ọmọ yóò ṣì máa ṣe TELPAS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ìjọba, lọ́dọọdún títí wọn yóò fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá sì fẹ́ yí ohun tó kọ sí fọ́ọ̀mù padà, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tí ó forúkọ ọmọ sílẹ̀ ni, kí wọ́n tó dán ọmọ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti bọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi. Ẹ ṣeun, Tíṣà.

Káyọ̀dé: Ẹ gbọ́, òfin Texas ní tí ọmọ 20 tó ń sọ èdè kan náà bá wà ní kíláàsì kan náà nínú district kan, kí wọ́n fi èdè yẹn kọ́ wọn pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wò ó bí a ṣe pọ̀ tó ní Fort Bend àti Alief. Ká ní gbogbo wa ń kọ Yorùbá ni!

Débọ̀: Àwọn tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń kà, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ wa ń yege. Ibo lẹ ti fẹ́ rí 20?

Tíṣà Fúnkẹ́: Débọ̀ gba eléyìí.

Káyọ̀dé: Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ̀wé ná. Nínú ìwé ìjọba tó ń sọ àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé, African American ni wọ́n pe ọmọ mi. Ọmọ Brazil tó dúdú, ọmọ Haiti, ọmọ Ìjẹ̀bú, àpótí kan náà. Ibi kan ṣoṣo tí Yorùbá ti lè fojú hàn ni fọ́ọ̀mù èdè yẹn, ẹ sì ń kọ English síbẹ̀. Ó ń dùn mí.

Ọmọ Ìsẹ́yìn: Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Àmọ́ Táíwò ńkọ́?

Àṣàkẹ́ Katy: Ẹ padà sórí lẹ́tà o. Ìjọba kò fún ẹnikẹ́ni lọ́dún 2020 àti 2021 nítorí kòrónà. Ti 2023, àwọn district pẹjọ́, ọdún 2025 ló tó jáde. Ọmọ tó wà ní kíláàsì 3 nígbà yẹn ti dé kíláàsì 5. Kí ni òbí fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ní ibi kékeré, tí ọmọ inú ẹgbẹ́ kan (bí àwọn ọmọ ESL) ò bá pọ̀ tó, wọn kì í tiẹ̀ tẹ èsì wọn síta.

Bàbá Jọláadé: Ohun kan tún wà. Ọjọ́ tí ọmọ bá wá sílé-ìwé ni Texas ń sanwó fún. Ibi kékeré, ọmọ díẹ̀ tí kò wá, wọ́n á mọ̀ ọ́n lápò. Nígbà tí a lọ sílé fún Kérésì, ìwé ìkìlọ̀ nípa ọjọ́ tí ọmọ ò wá ti ń dúró dè wá kí a tó dé.

Ìyá Ìbejì: Àwa náà! Ìsìnkú bàbá mi la lọ ṣe o.

Tíṣà Fúnkẹ́: Òfin ní kí ọmọ wá fún ìdá 90 nínú 100 ọjọ́ kí ó tó gba máàkì kíláàsì. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó lọ.

Alhaja Mulikat: Tíṣà, tí ibà bá mú ọmọ ní Ìbàdàn, ṣé wọ́n á gba ìwé dókítà ibẹ̀?